Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́rù Lójú Ọ̀nà Gbígbá

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá rí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ láìkọ́kọ́ dúró. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá àgbà, ṣé ilẹ̀ yẹn gbóná ni?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ibo ni n bá ti bẹ̀rẹ̀?

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó ni mo ṣe nígbà èwe mi, nínú igbó ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko. Igbó náà tóbi débi pé òjò lè máa rọ̀ ní apá kan kí eruku máa sọ ní apá kejì. Ní ìlà oòrùn, àpáta ni, dúdú, tí oòrùn ọ̀sán máa ń dán lára rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n fi òróró pa. Ní àárín, pápá ni, koríko rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹfọ̀n yóò dúró sínú rẹ̀ tí o kò ní rí ju ìwo lọ. Odò wà ní ìwọ̀ oòrùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, odò náà á gé sí adágún adágún, gbogbo ẹran á wá máa pàdé létí omi bí ẹni tó ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ ara wọn. Ìmàdò á kúnlẹ̀ kí ó tó mu. Àgbọ̀nrín á mu ẹnu kan, á gbé orí sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀nì á nà gbalaja bí ìtì igi, kò ní mira. Àwọn erin ló ń dé kẹ́yìn, bí wọ́n bá sì ti dé, kò sí ẹran tí wọ́n ń wí fún kí ó tó sún.

Kò sí odi láàárín igbó yìí àti ayé. Ọ̀nà iyanrìn kan ló wà níbẹ̀, ó gùn, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín á lo àárọ̀ kan gbáko. Lójoojúmọ́, ní ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ wa á so ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún ńlá kan mọ́ ìdí ọkọ̀, á fi gbá ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ohunkóhun tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ ẹran, ìbáà jẹ́ ènìyàn, á ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà Gbígbá la ń pè é. Òfin kan ṣoṣo ló ní: awakọ̀ kò gbọdọ̀ dúró títí yóò fi gbá a tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ni awakọ̀ náà, ọmọ ìyá mi. Rọra la ń pè é, nítorí pé eré àsápajúdé ló máa ń sá, á wá yíjú sí ọ, á ní, "Ẹ ò rí i bí mo ṣe rọra?" Ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún yẹn, Ìyàwó Rọra la sọ ọ́, torí pé ó ń tẹ̀ lé e kiri, kì í sì í dá a lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ gan-an nílé kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí. "Ẹ bi í léèrè," ni ó máa ń wí, "èwo nínú àwa méjèèjì ló ń se oúnjẹ fún un?" Rọra ló mú mi wọ iṣẹ́ náà. Òun náà ló ń bọ́ ìyá wa. Orúkọ tèmi kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àbúrò Rọra ni mí.

Ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Akàlẹ̀. Bí ẹlòmíràn ṣe ń ka ìwé ni bàbá yìí ń ka ilẹ̀. Á wo ojú ẹsẹ̀ erin, á sọ fún ọ pé akọ ni, pé ó ti dàgbà, pé ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn ń dùn ún, pé omi ló ń wá lọ. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ọkọ ọmọ náà ti kú, ó sì padà wá bá bàbá rẹ̀ ní èṣí pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́. Ìyá Ìkókó la ń pè é. Ilé ìjọba ni yàrá méjèèjì. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń fún un láti kó ẹrù jáde, Bàbá Akàlẹ̀ kò sì ní òrùlé mìíràn láyé yìí. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pa erin wa.

Igún ló kọ́kọ́ sọ fún wa. A rí wọn tí wọ́n ń yí po lókè odò, a tọ̀ wọ́n lọ, a bá akọ erin ńlá kan tó ti wó lulẹ̀ bí ilé, wọ́n ti gé ojú rẹ̀ kúrò láti yọ eyín. Kí oṣù tó parí, a bá èkejì. Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà wá ju ikú erin lọ, nítorí pé eyín erin kì í ṣe ẹrù tí ènìyàn ń kì sápò. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e jáde, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé e jáde gbọ́dọ̀ kọjá lórí Ọ̀nà Gbígbá. A sì ka ọ̀nà náà láràárọ̀. Ẹtù ló kọjá. Òòrẹ̀ ló kọjá, ó fa ẹ̀gún rẹ̀ nílẹ̀ yẹ́ríyẹ́rí. Kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn kankan.

Ọ̀gá wa kó wa jọ ní ọ́fíìsì, yàrá kan báyìí tí àwòrán ilẹ̀ igbó náà wà lára ògiri rẹ̀, tí ikán ti jẹ apá ìlà oòrùn rẹ̀ lọ. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àbí wọ́n ń fò ni?" ni ó wí.

Àgùnfọn, ẹ̀ṣọ́ kan tó ga fíofío tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Ọ̀gá, bí erin bá lè bọ́ sẹ́nu igún, olè lè fò."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Rọra ló fọwọ́ nu ojú, tó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ jẹ́ ká wo ara wa dáadáa."

Láti ọjọ́ yẹn la ti ń wo ara wa. Bí o bá wọ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ á gé. Bí ẹnì kan bá pẹ́ níbi ìyàgbẹ́, ẹlòmíràn á bojú wo ojú fèrèsé. Ọ̀gá gbé ìwé tí a ń kọ ìrìn wa lójoojúmọ́ sí kúrò lórí tábìlì, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Mo bá ara mi tí mò ń ka ìṣísẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí iyanrìn ilé, ta ló lọ síbo, ta ló padà, ìgbà wo. Ìwọ̀nba ohun tí bàbá arúgbó yẹn fi kọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣọ́ ènìyàn.

Ẹni tí ojú mi wá dúró sí ni bàbá arúgbó náà gan-an.

Mo ti ń rí i tipẹ́, mi ò kàn fún un lórúkọ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í wo ilẹ̀ mọ́ bí ó ṣe máa ń wò ó. Á máa rìn lọ lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká mi bí ẹni pé eré ló ń bá mi ṣe, á ní, "Bí a bá dé ìdí àpáta kékeré yẹn, wo apá ọ̀tún. Ẹfọ̀n mẹ́ta ló rékọjá, ọ̀kan ní ọmọ." A kò tíì dé ibẹ̀ o! Bí a bá dé ibẹ̀, ẹfọ̀n mẹ́ta náà ni, ọ̀kan ní ọmọ. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo kígbe ìyanu. Nígbà kẹrin, mo dákẹ́. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ohun tó wà ní iwájú láìjẹ́ pé ó ti dé ibẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ igi oṣè. Igi oṣè kan wà lẹ́bàá ọ̀nà náà, ó gbó, ó sanra, ihò inú rẹ̀ lè gba ènìyàn mẹ́ta. Ní àárọ̀ kan, Bàbá dúró níbẹ̀.

"Kí lo rí níbí yìí?"

Mo wò ó. "Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá."

"Tún wò ó."

Mo tún wò ó. "Kò sí ẹsẹ̀ kankan, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ ní ẹsẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ ká máa lọ."

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ní ibì kan náà, ó tún bi mí. Mo fún un ní èsì kan náà. Ó wò mí, tàbí kí n sọ pé ó kọjú sí mi, fún ìgbà pípẹ́. Mo rò ó pé ó ń dán mi wò ni. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí n rí, ó sì ń wò ó bóyá mo ti rí i.

Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dá lọ síbẹ̀ kí n tó lọ pè é fún iṣẹ́. Oòrùn kò tíì yọ. Mo kúrò lójú ọ̀nà, mo gba inú koríko etí rẹ̀. Níbẹ̀, lábẹ́ òjìji igi oṣè, níbi tí koríko ti pàdé iyanrìn, mo rí i: sálúbàtà táyà, tí gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ya bí ẹnu ẹja.

Kò sí ẹni tí kò mọ sálúbàtà yẹn. Ti Bàbá Akàlẹ̀ ni. Bàbá sì ṣì wà nílé. Ẹsẹ̀ Bàbá ti dé ibẹ̀ ṣáájú Bàbá.

Mo kúnlẹ̀. Mo kà á bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Gìgísẹ̀ wọlẹ̀ jìn. Ìṣísẹ̀ kúrú. Ẹni tí ẹrù ò sí lára rẹ̀ kì í rìn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ru ẹrù sórí náà kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ẹrù ẹ̀yìn ni. Ó dúró pẹ́ lábẹ́ igi náà, ó lọ, ó bọ̀, ó tẹ̀ba. Eyín erin! Kí ni ẹ̀ṣọ́ igbó tún lè rò? Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ wa pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rù, ẹsẹ̀ olè ni.

Ẹni tí mo sọ ọ́ fún kò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ méjèèjì dúró jẹ́ẹ́.

"Lábẹ́ igi oṣè?"

"Lábẹ́ igi oṣè, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo tún rí níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ yẹn náà ni."

Ó yọ́ jáde, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó nu ún pẹ́. "Mo ti ń fura sí bàbá yẹn tipẹ́," ni ó wí. "Àgbàlagbà tó ń ka ilẹ̀ láìwo ilẹ̀. O ṣeun, àbúrò mi. Fi sílẹ̀ fún mi." Ó gbá mi lẹ́yìn. Mi ò mọ ìdí tí inú mi kò fi dùn.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, Rọra ti wà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá. Ọ̀gá pè mí, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó gbé ojú sí àwòrán ilẹ̀ tí ikán jẹ.

"Bí ó bá jẹ́ òtítọ́," ni ó wí, "ẹ̀wọ̀n ni. Ilé náà sì ní láti ṣófo kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ẹ gbọ́ mi? Àtọmọ, àtọmọ-ọmọ." Ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí tábìlì. "Bàbá yìí ló kọ́ èmi gan-an níṣẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, àwa mẹ́rin ti wà lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán kan tó kọjú sí igi oṣè: Ọ̀gá, Àgùnfọn, Rọra àti èmi. Ọ̀nà inú igbó la gbà débẹ̀, a fi ọkọ̀ pamọ́ sẹ́yìn àpáta. Ìyàwó ṣì wà nídìí rẹ̀ látàná. Kò sí ẹni tó ráyè tú u. Ìkùukùu wà lórí koríko. Ní apá odò, erinmi kan ń mí fùùù, ó ń padà sómi. Àparò kan bẹ̀rẹ̀ sí ké, ó sì panu mọ́ lójijì.

Ẹnì kan ń bọ̀.

Aṣọ ńlá ló fi bora láti orí. Ó tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọ́ńgọ́, ẹrù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Etí ọ̀nà ló ń gbà, inú koríko, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Á rìn díẹ̀, á dúró. Nígbà tó dé ìdí igi oṣè, ó tẹ̀ba, ó na ọwọ́ sí iyanrìn.

Ọ̀gá gbé ìbọn sójú. Mo gbọ́ bí irin ṣe ró, kíá. Ẹnu Rọra wà létí mi, ó gbóná: "O rí i? O rí i?"

Ẹrù náà sì sín.

Ó sín lẹ́ẹ̀kejì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Olúwa mi o!" Àgùnfọn dìde gbọnrangandan. "Eyín erin tó ń sín!"

Ìbọn Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà ti yí padà, aṣọ ti bọ́ lórí rẹ̀. Ìyá Ìkókó ni, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà bàbá rẹ̀. Mo wo sálúbàtà yẹn, mo wo ọmọ yẹn. Ọmọ! Àpọ́n ni mí nígbà náà, kò sí ohun tó ń gun ẹ̀yìn obìnrin tó wá sí mi lọ́kàn.

"Ẹ má yìnbọn, Ọ̀gá," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n tó tiwa. "Èmi ni."

"Kí lò ń wá níbí?"

Kó tó dáhùn, a gbọ́ tí igi ń kan ilẹ̀. Bàbá Akàlẹ̀ ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń fi ọ̀pá tọ́ etí koríko. Mi ò rí i kí ó mú ọ̀pá rí.

"Ojú mi ló ń wá, Ọ̀gá," ni Bàbá wí. "Ojú ọ̀tún ti lọ láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Òjìji nìkan ni ti òsì ń rí. Ó ń ka ọ̀nà fún mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á wá sọ ọ́ fún mi, èmi náà á wá sọ ọ́ fún yín. Ó ń gbé ọmọ dání torí pé bí ó bá fi í sílẹ̀ nínú yàrá, igbe rẹ̀ á jí gbogbo yín. Sálúbàtà mi ló ń wọ̀ kí ẹ lè rò pé èmi ni."

"Ọdún kan gbáko tí ẹ fi ń tan ìjọba jẹ?"

"Ẹ sọ fún mi, Ọ̀gá, ọjọ́ wo ni ohun tí mo kà fún yín kò jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Rọra ló fọhùn, ó yára jù. "Ẹ má gbà á gbọ́, Ọ̀gá! Ọgbọ́n ni. Ènìyàn á máa wá ojú tó fọ́ lábẹ́ igi oṣè? Kí ló ń ṣe níbí gan-an láti ọjọ́ yìí, tí kò ṣe é níbòmíràn?"

"Ìbéèrè rere lẹ bi," ni Ìyá Ìkókó wí. Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Sà, kí ẹ tó kó ẹrù wa síta, ẹ bá mi bi awakọ̀ yín ìdí tí Ìyàwó rẹ̀ fi ń sinmi níbí."

Rọra rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo ṣì máa ń gbọ́. "Obìnrin tó pọnmọ, kí ló mọ̀ nípa ọkọ̀?"

Ìyá Ìkókó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ jáde. Òwú dúdú kan wà ní ọrùn ọwọ́ ọmọ náà. "Kókó mẹ́ta nìyí. Ọjọ́ tí mo bá rí i pé ó dúró, mo ta kókó kan. Ti àkọ́kọ́, mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn kókó kejì, ó di ọ̀túnla, ẹ rí igún. Lẹ́yìn kókó kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀kẹrin ló wà nílẹ̀ yìí, ti ìrọ̀lẹ́ àná ni, mi ò tíì ta kókó tirẹ̀."

"Ta ló jẹ́rìí sí i?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ẹ má gba ọmọ mi gbọ́," ni Bàbá wí. "Ẹnu rẹ̀ àti tèmi, ọ̀kan ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bẹ níbẹ̀ yẹn. Ọmọ ìyá awakọ̀ ni. Kò ní èrè kankan nínú kí ó parọ́ mọ́ ọn. Ẹ ní kí ó kà á."

Gbogbo ojú yí sí mi. Rọra pẹ̀lú. Ó kàn gbé ìpéǹpéjú sókè díẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré, tí ó bá ti jẹ ẹran inú ìṣaasùn tán, tí ìyá wa sì ń bèèrè.

Mo lọ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

Bí ẹ̀ka igi bá ń lọ láìdúró, ìlà tó ń fà sórí iyanrìn á tọ́ bí irun tí wọ́n fi òòyà yà. Níbí, ìlà náà gé. Òkìtì iyanrìn kékeré kan là ọ̀nà náà já láti etí dé etí, ó rí bí ètè, kò ga ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Iyanrìn tí ẹ̀ka náà ń kó bọ̀ ló kóra jọ síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ní iwájú òkìtì náà, níwọ̀n gígùn ọkọ̀ kan, koríko apá odò tẹ̀ síhà ọ̀nà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ń bọ̀ láti inú igbó ni. Wọ́n jáde, wọ́n gbé ẹrù wọn sínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í tú wò lẹ́nu ibodè, wọ́n wọ ọkọ̀ náà, nígbà tí ọkọ̀ sì ṣí, ẹ̀ka náà tẹ̀ lé e, ó gbá ẹsẹ̀ wọn nù. A ti ń wá ẹsẹ̀ látìgbà yìí. Ẹni tó ń pa ẹsẹ̀ rẹ́ la kò wò.

"Tún wò ó," ni Bàbá ti wí fún mi. "Mi ò bi ọ́ ní ẹsẹ̀."

Mo mọ ohun tí mo lè sọ. Mo lè sọ pé gbòǹgbò ló há ẹ̀ka náà. Ó ti pẹ́ tí Ọ̀gá ka ilẹ̀ gbẹ̀yìn, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó lè kà á tí wọ́n máa gbà gbọ́. Bàbá á kó lọ, ọmọ tó ń sín yẹn á kó lọ, ìyá mi á máa jẹun lọ. Iyanrìn náà tutù lábẹ́ orúnkún mi.

"Ìyàwó dúró níbí," ni mo wí.

"Mo fẹ́ tọ̀ ni!" Rọra pariwo. "Ṣé ìtọ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Nígbà mẹ́rin, Ẹ̀gbọ́n?" ni Àgùnfọn wí. "Nídìí igi kan náà? Ajá nìkan ni mo mọ̀ tó ní irú ìwà yẹn." Ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀rín nínú.

Ọ̀gá kò gbé ojú kúrò lára mi. "Àbúrò Rọra. Ìtọ̀ ni, àbí ẹrù?"

"Ẹrù ni, sà. Ènìyàn mẹ́ta, ó kéré tán. Inú igbó ni wọ́n ti wá."

Ọ̀gá lọ sẹ́yìn àpáta, ó ṣí pátákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ayùn ló mú bọ̀. Ìyẹ̀fun funfun ṣì wà láàárín eyín rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ lórí iyanrìn níwájú ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni gbé oúnjẹ síwájú àlejò.

Rọra jókòó sílẹ̀. Ó wò mí. "Ta lo rò pé ó ń bọ́ ìyá wa?" ni ó wí. "Ṣé ìwọ ni?"

Kò sí awakọ̀ mìíràn níbùdó wa. Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ló wa ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àgbà, Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lórí itan, Àgùnfọn lẹ́yìn. Ó rọra wà á, lóòótọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rántí tú Ìyàwó. Mo dúró ti Bàbá Akàlẹ̀, mò ń wò ó bí ẹ̀ka náà ṣe ń tẹ̀ lé wọn lọ, tó ń gbá ojú ọ̀nà mọ́ lẹ́yìn wọn, títí tí eruku fi bò wọ́n.

"Bàbá," ni mo wí, "kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, wàá ní mò ń ba ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́. Ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, ta ni yóò bá jà?" Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. "Ó pẹ́ kí o tó rí i, ọmọ mi. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé o ti rí i tipẹ́."

Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé òun náà ti fura sí mi.

Ọ̀gá kọ lẹ́tà mẹ́ta kí wọ́n tó gbà pé obìnrin lè ka Ọ̀nà Gbígbá. Aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìyá Ìkókó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń pọn ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Bàbá ṣì ń gbé nínú yàrá méjèèjì, lórúkọ ọmọ rẹ̀. Wọ́n sọ Rọra sẹ́wọ̀n. Mo fi owó oṣù mi ránṣẹ́ sílé. Ìyá wa dá a padà, odindi, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ fún mi láìgbé ojú sókè: "Wọ́n ní ojú tí o fi kà á, kí o má fi wo ọ̀nà ilé àwọn."

Mo lo oṣù méjì sí i. Àwọn erin bẹ̀rẹ̀ sí padà sétí odò. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ ṣì ń gé. Ẹni tó ka ọmọ ìyá rẹ̀, ta ni kò ní kà?

Ìrọ̀lẹ́ ni mo yàn láti lọ, lẹ́yìn tí awakọ̀ tuntun ti gbálẹ̀ tán. Mo gbé àpótí mi sórí. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn igi oṣè, àwọn àgbọ̀nrín ń jẹ lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Ojú ọ̀nà náà mọ́ tónítóní. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi nìkan ni yóò wà níbẹ̀ ní àárọ̀, àti pé Ìyá Ìkókó ni yóò kà á: ọkùnrin kan, ó ru ẹrù sórí, ibodè ló kọjú sí. Láàárín ọ̀nà, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà yí padà, ó kọjú sí ọ̀nà ilé, níbi tí ìyá wa àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ó wà bẹ́ẹ̀ títí gìgísẹ̀ fi rì, kí ó tó tún kọjú síbi tó ń lọ.

Bí ó bá kà á dáadáa, á ti mọ bí mo ṣe dúró pẹ́ tó.